Níbo Lo Ti Rí Owó Náà?

Òkè Àró, Àkúrẹ́.
Ọjọ́ Sátidé.

Fẹ́mi, Àkànbí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Atẹ́gùn gbé páànù ilé ìdáná lọ, káfíńtà sì gba ₦45,000 lórí ìṣó díẹ̀. Bàbá rẹ ti padà sóko kòkó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì. Fúnkẹ́ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Ìyá Bísí tí ìsọ̀ wa jọ wà l'Ọ́jà Ọba ti Èkó dé. Ó ní òun rí ọ nínú Benz. "Ìyá Fẹ́mi, ìyà tán!" Gbogbo ìsọ̀ ń bá mi yọ̀, èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín. ₦400,000 tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá ṣì wà nínú àkáǹtì bó ṣe wọlé. Mi ò fọwọ́ kàn án. Níbo lo ti rí i? Oṣù mẹ́rin péré rèé tí o ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, àwòrán ẹ̀rín lo fi dá mi lóhùn. Ṣé àwòrán ni mo bí?

Má bínú. Ìwọ kọ́ lo padà lọ bá oníbúrẹ́dì nínú òjò nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, torí pé ó fi ₦20 lé ṣéńjì rẹ? Mi ò gbàgbé.

Fúnkẹ́ (ó ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́) ti ń ka iṣẹ́ tìrẹ náà ní FUTA. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yín tí ń jẹ́ ISC2 sọ ní 2023 pé àwọn tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lágbàáyé ò tó, pé ó ku bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn. Mo ní kó tún un sọ. Mílíọ̀nù mẹ́rin! Kí ló wá dé tí ọmọ mi fi ń wá iṣẹ́ kiri? Ó ní iṣẹ́ wà, àbáwọlé ni kò sí. Ìwé-ẹ̀rí CISSP tí ẹgbẹ́ yẹn ń fúnni, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń fún, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn á ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbé e wá. Bí ẹni ní kí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ télọ̀ kọ́kọ́ rán agbádá wá! Àwọn tó sì ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, Kánádà àti ìlú òyìnbó ti kó wọn lọ, owó tí wọ́n ń san níbẹ̀ ju ti ibí lọ. Ilé wá ṣófo, kò sólùṣọ́. Olè ní tirẹ̀ kì í béèrè ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tó mọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń ṣí ló ń wá, kì í sì í jẹ́ kóṣù parí kó tó sanwó. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Níbo lo ti rí owó náà, Fẹ́mi?

Wàá rí i pé ọwọ́ ìwé yí padà níbí. Mo ti ní kí Fúnkẹ́ lọ lọ ata.

Ní 2022 o bẹ̀ mí fún owó ìdánwò Security+, ti iṣẹ́ ìṣọ́ kọ̀ǹpútà yìí. Mo jágbe mọ́ ọ, mo ní èwo ni sáíbà, ṣebí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Ẹnu ni mo fi bo ìtìjú mi. Owó náà wà lọ́wọ́ mi títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ọmọkùnrin kan ló pè mí, ó ní láti báǹkì ni, ó mọ orúkọ mi, ó ní àkáǹtì mi fẹ́ tì. Nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù, mo kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ₦310,000 ti lọ, àjọ àwọn obìnrin ìsọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún bàbá rẹ pé wọ́n fọ́ ìsọ̀. Ẹ̀gbà ọrùn góòlù tó rà fún mi ni mo tà san àjọ.

Ọmọ náà ń pè mí ní "Mọ́mì". Ohùn ẹnu rẹ̀, ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ni. Látìgbà tí owó rẹ ti wọlé, ohùn yẹn ni mò ń gbọ́. Ṣé èmi ni mo lé ọ lọ bá wọn? Ká ní mo ti sọ òótọ́ fún ọ nígbà yẹn, bóyá ìwọ ì bá ti kọ́ mi bí a ṣe ń ṣọ́ra.

Fúnkẹ́ sọ ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi, Marcus Hutchins. Ní May 2017, tí kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí ń jẹ́ WannaCry ń ti kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn pa nílùú wọn, inú yàrá rẹ̀ nílé òbí rẹ̀ ló ti dá a dúró. Ní August ọdún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà mú un, torí ohun èlò tí àwọn olè fi ń jí owó báǹkì tó ti ṣe nígbà tó ṣì kéré. Ó jẹ́wọ́. Ní 2019 adájọ́ ní kó máa lọ sílé. Mo béèrè pé ìyá rẹ̀ ńkọ́ ní gbogbo ọdún méjì yẹn? Fúnkẹ́ ò mọ̀.

Bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ni, sọ orúkọ ọ̀gá rẹ fún mi, n ó fi ṣe páànù tó kù. Bí kì í bá ṣe owó iṣẹ́, má ṣàlàyé lórí fóònù. Wá sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Owó náà pé, a ó jọ wá ẹni tó ni ín.

Fúnkẹ́ ti ń kan ilẹ̀kùn. Èlùbọ́ àti ẹja wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà, yọ ẹja kúrò nínú ọ̀rá kó má baà bu.

Ìyá rẹ.