Dàpọ̀, má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì Kúnlé

Dàpọ̀ ọmọ mi,

A wà dáadáa o, orúnkún ìyá ẹ nìkan ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Owó tó o fi ránṣẹ́ ti wọlé. Mo gbọ́ vóìsì nóòtì ẹ, ìgbà mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ, pé o fẹ́ bá Kúnlé àbúrò ẹ ṣe ìwé kó wá bá ẹ ní Kánádà, pé tó bá ti kúrò nítòsí ilé bẹ́tì yẹn àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, á fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Mi ò fẹ́ dá ẹ lóhùn lórí fóònù torí mo mọ̀ pé a máa jà, ìyẹn ni mo ṣe jókòó tẹ èyí, ìka kan ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́, fara balẹ̀ kà á.

Fíìmù kan ni mo wò lọ́jọ́ tí wọ́n múná wá. Àbúrò ẹ obìnrin ló gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, òun náà ló ń túmọ̀ ibi tí òyìnbó wọn bá ti yára jù. A River Runs Through It lorúkọ ẹ̀, 1992 ló jáde, Robert Redford ló darí ẹ̀, Brad Pitt wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ ṣì ń dán nígbà yẹn. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Presbyterian méjì ni, Norman ẹ̀gbọ́n, Paul àbúrò, ìlú Missoula ni wọ́n ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, láyé ọjọ́un. Bí bàbá wọn ṣe ń kọ́ wọn ní Bíbélì ló ń kọ́ wọn ní ẹja pípa.

Ìwọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí tiwa o. Tiwa, wàá fi ekòló sí i lẹ́nu, wàá jù ú sódò, wàá jókòó. Tiwọn, ìyẹ́ àti irun ni wọ́n ń fi òwú wé mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò, kò wúwo rárá, okùn gan-an ló wúwo, okùn yẹn ni wọ́n á máa fì sẹ́yìn fì síwájú lókè orí kó tó balẹ̀ jẹ́jẹ́ sójú omi, kẹ́ja lè rò pé kòkòrò tòótọ́ ló bà. Bàbá wọn gbé ẹ̀rọ táwọn olórin fi ń ka ìlù kalẹ̀, èyí tó ń ró kọ́ kọ́ kọ́, wọ́n ń fì í ní ìlù mẹ́rin-mẹ́rin. Norman ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Paul ní tiẹ̀ dá ìlù tara ẹ̀ sílẹ̀, á fi okùn yẹn jó lókè títí kó tó jẹ́ kó kan omi, ó sì wá dáa ju bàbá tó kọ́ ọ lọ. Ìyá ẹ ní gbogbo wàhálà yìí, ṣé ẹja yẹn tó se ọbẹ̀ ọjọ́ méjì. Mo ní kó jẹ́ ká wòran jàre.

Paul yẹn, Kúnlé ni. Oníròyìn ni Paul, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó bá wọlé báyìí ilé á kún fún ẹ̀rín, àmọ́ ọtí ń bẹ ńbẹ̀, tẹ́tẹ́ ń bẹ ńbẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré ó kọ ọ́ọ̀tì, bàbá ẹ̀ ní kò ní dìde nídìí tábìlì àfi tó bá jẹ ẹ́, ọmọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí lórí wákàtí, kò jẹ ẹ́. Mo rántí Kúnlé àti ẹ̀wà. Mo fi ẹ̀gba halẹ̀ títí, ó sùn sórí tábìlì, èmi ni mo gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì ń sọ fáwọn èèyàn pé ọmọ yìí lágídí bíi tèmi, bí ẹni ń yangàn.

Ọlọ́pàá pe Norman lóru kó wá mú àbúrò ẹ̀ ní àtìmọ́lé, ó lọ. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa ti mú un. Nígbà tó ríṣẹ́ olùkọ́ ní Chicago, ó ní kí Paul bá òun lọ. Paul ní òun ò kúrò ní Montana láéláé. Kò pẹ́ ni wọ́n lù ú pa, wọ́n sì gbé òkú ẹ̀ jù sínú kọ̀rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo eegun ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló ti ṣẹ́, ọwọ́ tó fi ń ju ìwọ̀.

Mo mọ ohun tó o máa sọ, pé ṣé o rí i, ká ní ó gbà láti lọ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àbúrò ẹ obìnrin wá a lórí fóònù, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, Norman Maclean fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì ní yunifásítì, 1976 ni ìwé yẹn jáde, Norman ti lé lẹ́ni 70 ọdún nígbà yẹn. Paul tòótọ́ sì tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ Chicago o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á, 1938. Ìwé yẹn ló kọ́kọ́ gbé ikú yẹn wá sí Montana, fíìmù sì tẹ̀lé e. Mi ò lè sùn lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò sọ pé kó má wá láéláé. Mo ní kó o má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń dà á láàmú á bá a wọ báàlù, ilé bẹ́tì wà nínú fóònù ẹ̀, dáta ló kàn ń jẹ. Tó o bá sì fẹ́ san gbèsè ẹ̀, san án fún ẹni tó jẹ, má fi kọ́bọ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìgbà wo lo pe Kúnlé kẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ò dórí owó? Àwọn ọmọ pásítọ̀ yẹn, tọ́rọ̀ bá ti há, odò ni wọ́n ń lọ, ibẹ̀ nìkan lara ti ń tù wọ́n pọ̀. Dráàfù ni tẹ̀yin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta á ní báráǹdà títí màmá yín á fi pa fìtílà. Ó wà lórí fóònù báyìí, wọ́n ní ẹni tó wà ní Kánádà lè bá ẹni tó wà nílé ta á. Bá a ta á. Má bi í ní nǹkan kan lóṣù àkọ́kọ́, jẹ́ kó máa nà ẹ́, torí ó máa nà ẹ́.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Láti Ọdún Àjíǹde ni mo ti ní kó má wá sílé mọ́. Ní òpin fíìmù yẹn, Norman ti di arúgbó, ó dá dúró nínú odò, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń so ìwọ̀, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja ti kú. Ojú ẹ ni mo rí, Dàpọ̀, mi ò rí ojú ara mi. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa lọ bá Kúnlé níbi tó ń gbé. Mo gbé bọ́ọ̀dù yín sọ̀ kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù, mo nù ún, ọmọrí Fanta kan ti sọnù níbẹ̀, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ni mo fi rọ́pò ẹ̀.

Bàbá ẹ