Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáko ẹ̀yìnkùlé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí oòrùn ti ń pa dáadáa fún bíi wákàtí 6, torí tòmátì ò lè ṣe dáadáa lábẹ́ igi máńgòrò. Tẹ̀tẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó máa ń yá, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 4 ẹ ti ń já a sọ́bẹ̀, àmọ́ kóró ẹ̀ kéré gan-an, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Kóró ewédú le ní tiẹ̀, kì í tètè hù, torí náà ẹ dì í sáṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná, ẹ tètè yọ ọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ńkọ́? Ẹ má lò ó o! Ó máa jó ẹ̀fọ́ yẹn ni, ẹ jẹ́ kó jẹrà ná.