Fíìmù tó lé oorun lójú wa

Àbẹ̀ní mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ o. Mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé òtútù Kánádà ò le jù fún yín? Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ lórí fóònù fún mi ni. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹkún á gbà á lẹ́nu mi, ìwọ náà á sì máa pariwo pé "Àṣàkẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀?" títí dátà á fi tán. Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

O rántí fíìmù tí bùọ̀dá rẹ gbé bọ̀ láti Èkó, èyí tá a wò ní pálọ̀ Alhájì ní Mólípa lọ́jọ́ tí àwọn àgbà lọ síbi ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó? The Exorcist. Ìwọ lo ní ká pa iná kó lè dà bíi ti sinimá. Ìwọ náà lo kọ́kọ́ sá jáde nígbà tí orí ọmọ yẹn yí sẹ́yìn, o fi bàtà kan sílẹ̀ sínú pálọ̀. Lóru ọjọ́ náà ni ọmọ Alhájì ní kí n yá òun ní Bíbélì mi kí òun fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ̀rín ṣì máa ń pa mí. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ fíìmù náà, nǹkan méjì péré ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: ọrùn tó yí, àti èébì aláwọ̀ ewé yẹn.

Fíìmù yìí náà ti tún wọ ilé wa báyìí. Ọ̀rọ̀ Àjíkẹ́, ọmọ Ìyábọ̀ àbúrò mi, ni.

Ọmọ náà ti pé ọdún 11. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ìyábọ̀ ti ń sọ pé bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀, á kàn ranjú mọ́ ibì kan, á máa fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀, kò ní dáhùn. Bó bá yá, á tún máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, pé iṣẹ́ ilé ló ń sá fún. Ó wá di ọjọ́ kan tó ṣubú nílé ìwé, níbi tí wọ́n ti tò láàárọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ó tọ̀ sára. Àwọn ọmọ sá. Tíṣà sá. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá bà lára, àìsàn náà á ràn án. Ẹnì kan tó ní àánú díẹ̀ fi ṣíbí há a lẹ́yín, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Ìwọ nọ́ọ̀sì, mo mọ bó ṣe máa rí lára rẹ bó o ṣe ń ka èyí. Ó ti tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, nílé, lóru.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ tó ṣubú nílé ìwé tó ṣú, àlàyé ti pọ̀ ju ọmọ lọ. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní ó ní láti jẹ́ pé ó rí Agẹmọ lọ́dún tó kọjá, pé ohun tí obìnrin kì í rí ló rí. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀, mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sí gọ́tà. Mo ní ohun tó ń pa ọmọ nìyẹn, pé àwọn dókítà ti ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Ó bínú sí mi. Kó máa bínú.

Èyí tó wá le jù ni ti ilé àdúrà kan tí àǹtí ọkọ Ìyábọ̀ mú un lọ. Pásítọ̀ ibẹ̀ wo ọmọ náà, kò béèrè nǹkan kan, ó ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n gbé e wá fún ìsọ́ òru, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi, pé bó bá ń jà, kí wọ́n dì í lọ́wọ́. Ó wá sọ fún Ìyábọ̀ pé ṣé kò tíì wo fíìmù òyìnbó kan rí, tí ẹ̀mí èṣù wọ ọmọbìnrin kan, tí gbogbo dókítà Amẹ́ríkà gbìyànjú tí wọn ò rí nǹkan kan ṣe, tó jẹ́ àlùfáà ló gbà á là. Ìyábọ̀ darí délé, ó ní, "Àǹtí mi, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin àti Àǹtí Àbẹ̀ní ti wò ó, àbí?"

Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá a jáde. Ọ̀sán gangan ni mo wò ó, mo ṣí gbogbo wíńdò. Àbẹ̀ní, ohun tá a wò nígbà náà kọ́ ni mo rí.

Ìyá ọmọ náà ni mo rí. Nígbà yẹn, a ò tiẹ̀ wo ojú obìnrin náà. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Bàbá ọmọ wà lókè òkun, kò pe ọmọ lórí fóònù lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ìyá ń jágbe mọ́ àwọn tó ń bá a wá a. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ gbé e lọ. Ṣé o mọ ohun tí dókítà inú fíìmù náà kọ́kọ́ fura sí? Ohun kan nínú ọpọlọ, níbi ẹ̀bátí, irú èyí tó máa ń fa gìrì. Wárápá, Àbẹ̀ní! Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde. Ibẹ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ibi tí èṣù ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá dúró tì í. Kò sí ibi tí wọ́n ní kó gbé ọmọ lọ tí kò gbé e lọ.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ tán ló tó lọ bá àlùfáà. Àlùfáà náà, Karras, dókítà ọpọlọ ni òun náà. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti di ohun àtijọ́ láti ìgbà tí ayé ti mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ. Ó dán ọmọ náà wò: ó wọ́n omi ẹ̀rọ lásán sí i lára, ó ní omi mímọ́ ni. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń yí gbiri. Ìyẹn ló jẹ́ kí àlùfáà náà túbọ̀ ṣiyèméjì. Kó tó lè lé ẹ̀mí èṣù jáde, ó ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Pásítọ̀ tiwa ńkọ́? Omi wo ló fi dán Àjíkẹ́ wò? Ọ̀dọ̀ ta ló ti gbàṣẹ?

Mo wá sọ ìyókù fún Ìyábọ̀. Mo ní William Peter Blatty ló kọ ìwé ìtàn náà jáde lọ́dún 1971, ìròyìn ọmọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949 ló fi wéwèé rẹ̀, William Friedkin sì fi ṣe fíìmù lọ́dún 1973. Ohùn burúkú tó ń ti ẹnu ọmọ jáde, òṣèré obìnrin àgbà kan tó ń jẹ́ Mercedes McCambridge ló ni ín. Èébì yẹn, ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ mú yàrá náà tutù títí tá a fi ń rí èémí ẹnu àwọn òṣèré. Àlùfáà arúgbó yẹn, Max von Sydow, kò tíì pé ọmọ ọdún 45. Dick Smith ló kun ojú rẹ̀ tó fi di arúgbó. Igbe kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ òótọ́: níbi tí wọ́n ti ju ìyá ọmọ sílẹ̀, okùn tí wọ́n fi fa Ellen Burstyn sẹ́yìn ṣe é léṣe ní ìdí ẹ̀yìn, igbe ìrora rẹ̀ ni wọ́n fi sínú fíìmù. Mo ní, "Ìyábọ̀, inú fíìmù ni àwọn dókítà ti kùnà. Orí ọmọ tìẹ, ẹ̀rọ kankan ò tíì kàn án."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí mi, bí mo bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọ́n wá kùnà ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí. Ẹ̀rù àdúrà ò bà á. Ẹ̀rù pé kó máà sí ibòmíì mọ́ lẹ́yìn dókítà ló ń bà á.

Mo fẹ́ràn àdúrà, o mọ̀ mí. Mo ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ náà, èmi tí ara mi le. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ tó ní gìrì sùn lóru, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ, kí wọ́n má fún un lómi, ṣé kì í ṣe ohun tó ń fa gìrì gan-an ni wọ́n fẹ́ fi lé gìrì lọ? Mo kà á pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú èèyàn 100 tó ní wárápá, bí 70 ló lè máa gbé láìsí gìrì mọ́ bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti oògùn tó yẹ. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Mo ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ṣágámù, Ìyábọ̀ ní òun á rò ó. Mo wá dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ Árò ní Abẹ́òkúta, ó di ẹkún. Mọ́mì, ìyá ọkọ rẹ̀, ká ọwọ́ lérí: "Ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di wèrè!" Mo ní Mọ́mì, wọ́n ń tọ́jú wárápá níbẹ̀. Mo ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo tó bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta ni, kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju ìgbàgbọ́ rẹ̀ nù. Ó ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Mọ́mì ní òun ò mọ Lambo.

Jẹ́ kí n mí díẹ̀. Ìyá Kẹ́mi ti kọ́ ilé rẹ̀ dé òrùlé. Ọmọbìnrin Tíṣà Gíwá fẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan, ìkòkore tí wọ́n sè níbẹ̀, ẹja inú rẹ̀ pọ̀ ju iṣu lọ, o ò bá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò gorí ìtẹ́ lẹ́yìn Kábíyèsí Adétọ̀nà, tó wàjà lóṣù Keje 2025, mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ títí ó ti sú mi, n ò ní kọ ọ́ síbí. Àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń dárúkọ aṣọ Ojúde Ọba, mo ní kí wọ́n kọ orúkọ rẹ mọ́ tiwa, bóyá o máa wá o, bóyá o ò ní wá.

Àbẹ̀ní, ohun tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣe nìyí. Pe Ìyábọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìsọ́ òru náà máa bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́dọ̀ yín ni kó o pè é, ọ̀sán ti pọ́n níbí nígbà yẹn, á ti kúrò lọ́jà, Àjíkẹ́ á ṣì wà nílé ìwé. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti gbọ́ ohùn mi títí. Ọwọ́ rẹ ni Àjíkẹ́ bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i; ó ṣì máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé Àǹtí Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ rí ojú ọmọ òun. Bó o bá ní kó lọ sí Ṣágámù, á lọ.

Má bú pásítọ̀ náà, torí yóò gbè é. Má dárúkọ fíìmù. Sọ fún un pé kó máa gbàdúrà lọ, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa sùn, kó máa jẹun. Sọ fún un pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, kó yí i sí ẹ̀gbẹ́, kó fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, kó má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, kó má dì í mú. Mo ti sọ ọ́, kó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Kí o sì dá a lóhùn ìbéèrè yẹn, èyí tó ní bí wọ́n bá kùnà ńkọ́, torí n ò rí èsì fún un.

Mi ò béèrè owó. Owó àyẹ̀wò ti wà nílẹ̀, èmi àti ọkọ mi ti dá a jọ. Bàbá Àjíkẹ́ wà lójú ọ̀nà Òkè Ọya pẹ̀lú tírélà, ó ní ohunkóhun tá a bá ṣe tẹ́ òun lọ́rùn. Mọ́tò ti wà. Ìyábọ̀ nìkan ló kù.

Má sọ fún un pé mo kọ̀wé sí ẹ. Bó o bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀, kí n lè wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó pèrò dà.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ

Gàrí rẹ àti ẹ̀gúsí wà lọ́wọ́ Ìyá Kẹ́mi, ọmọ rẹ̀ ń padà sí Toronto lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi ata gígún díẹ̀ sí i. Dè é dáadáa bó o bá gbà á, ata náà mú.