Ẹ jẹ́ ká máa ra ẹ̀wà tí kòkòrò ti fẹnu kàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mọ́ínmọ́ín àti àkàrà ni mo ń tà n'Íbàdàn, ó ti lé lógún ọdún. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lórí ẹ̀wà, mo sì fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín bá mi gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra kóńgò ẹ̀wà olóyin mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni tí n kì í sábà rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà náà mọ́, ó ń dán, kò sí ihò kan ṣoṣo lára rẹ̀. Bí mo ṣe da omi lé e nínú báàfù, òórùn oògùn ẹ̀fọn ló kọlù mí. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, òórùn ò lọ. Mo gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, mo da gbogbo rẹ̀ sí i, n ò sì rí ọjà kankan tà lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ iléèwé ló ń kọ́kọ́ ra àkàrà mi láàárọ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?

Mo bú ẹlẹ́wà yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣẹ́ lásán. Ẹ lọ dúró ní ìsọ̀ ẹlẹ́wà fún wákàtí kan péré. Oníbàárà á dé, á bu ẹ̀wà sátẹ́lẹwọ́, bó bá rí ihò méjì, á dà á padà: "Ìyá, kòkòrò ti jẹ eléyìí." Ẹni tó yáwó kó àpò mẹ́wàá wá láti Kánò, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Dichlorvos ló máa wá lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní òtapiápiá, á fọ́n ọn sí i. Àwa tí a ò fẹ́ rí kòkòrò rárá la ń fi owó wa bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yẹn.

Iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ara ni oògùn yìí ń bá jà, ti kòkòrò àti ti èèyàn. Ẹni tó bá wọ̀ lára púpọ̀ á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á máa bì, mímí á sì di ìṣòro. Nítorí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa lọ́dún 2015. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni òfin wọn gbà, tiwa kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀, mílílítà 100 sísàlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti ẹlẹ́wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóru.

Láti oko ni kòkòrò ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, ìyẹn ni a ṣe ń rí i nínú àpò tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ṣùgbọ́n ó ń mí bíi tiwa. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí: mo máa ń sá ẹ̀wà sóòrùn, màá kù ú, màá rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ títí dé ọrùn, màá mì í kó lè kún dáadáa, màá fi náílọ́ọ̀nù dí ẹnu rẹ̀ kí n tó dé e pinpin. Afẹ́fẹ́ á tán, kòkòrò inú rẹ̀ á kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò onípele mẹ́ta tí àwọn àgbẹ̀ kan ń lò ṣe ń ṣiṣẹ́. Ata gbígbẹ tí ìyá mi máa ń dà sí i wúlò fún ẹ̀wà kóńgò kan tàbí méjì, kò tó kẹ́ẹ̀gì.

N ò ní kí ẹ ra èyí tó ti di ìyẹ̀fun, ìyẹn máa ń korò. Ṣùgbọ́n ihò díẹ̀díẹ̀ ò ba àkàrà jẹ́. Ẹ da omi sí i, èyí tó ṣófo á léfòó, ẹ kó o dànù. Mo bẹ àwọn ìyálọ́jà wa kí wọ́n jẹ́ kí ẹlẹ́wà máa gbé igbá méjì kalẹ̀, kí ti oníhò dínwó, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì jẹ́ kí àpò onípele mẹ́ta yẹn dé ọjà ní iye tí apá wọn á ká.

Èmi àti ẹlẹ́wà tí mò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ti jọ di kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ. A ṣí ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti pé oṣù mẹ́rin. Òkú kòkòrò mélòó kan wà lókè, òórùn ẹ̀wà nìkan ló sì jáde.

Òǹkàwé yín,
Ìyá Alákàrà, Ìbàdàn