Sí Àbẹ̀ní, tó ní èmi ni ọmọbìnrin inú ìwé náà

Àbẹ̀ní, àbúrò mi àtàtà,

Mo ti ka ìwé náà tán. Òru àná ni mo parí rẹ̀, ní nǹkan bí aago méjì. Iná ti lọ tipẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo tàn sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Aṣọ ẹbí tí mo ṣèlérí fún Ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lórí tábìlì, mi ò tíì fi abẹ́rẹ́ kàn án. Mi ò bínú sí ara mi. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ báyẹn.

Nígbà tí o fi *The Hunger Games* rán ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni o kọ síwájú rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wà nínú ìwé yìí.” Mo ka ẹ̀yìn ìwé náà, mo rí i pé ọmọ ọdún 16 ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọdé sínú igbó kí wọ́n máa pa ara wọn. Mo ní kí ló kàn mí níbẹ̀? Mo tì í sínú àpótí tí mo ń kó bébà àgékalẹ̀ aṣọ sí. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kí n tó mú un jáde.

O ti kà á, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú tèmi. Ìṣirò kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Ẹkùn 12 ló wà ní Panem, orílẹ̀-èdè tí wọ́n tẹ̀ dó sórí ohun tó ṣẹ́ kù nínú Àríwá Amẹ́ríkà. Torí pé àwọn baba ńlá wọn ṣọ̀tẹ̀ sí olú ìlú, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní láti fa ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan kalẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ 24 lápapọ̀, ẹyọ kan ni yóò padà wálé. Tí ọmọ bá ti pé ọdún 12, orúkọ rẹ̀ wọ inú àwo tí wọ́n fi ń ṣẹ́ gègé mú àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, bó bá di 13, ó di ẹ̀ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tálákà lè fi orúkọ rẹ̀ kún un, kí wọ́n fún un ní ọkà àti òróró tí ẹnì kan yóò fi ṣẹ́ ọdún kan jẹ. Katniss, ọmọbìnrin tí ìwé náà dá lé, ń fi orúkọ kún un nítorí ara rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀, nítorí Prim àbúrò rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 16, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú àwo ní ìgbà 20. Ti Prim, ẹyọ kan péré, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbà kó fi ọ̀kan kún un. Ẹyọ kan yẹn ni wọ́n wá mú jáde, Katniss sì ní kí wọ́n mú òun lọ dípò àbúrò òun.

Mo pa ìwé dé. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mi ò rán nǹkan kan.

O mọ ohun tí mo rò. Mo rò ó pé SS2 ni mo ti jáde kí n lè lọ kọ́ṣẹ́, kí ìwọ lè ṣe WAEC. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà tí o ò mọ̀. Lẹ́yìn tí Bàámi kú, Mọ́ọ̀mi kọjú sí ògiri fún bí oṣù méje. Ọmọ ọdún 8 ni ọ́, bóyá o ò rántí. Èmi máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, màá ní, “Mọ́ọ̀mi, gàrí ti tán o,” wọn ò ní dáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Katniss ṣe nígbà tí ihò èédú gbẹ́mìí ọkọ rẹ̀, Katniss ò sì tíì dárí jì í tán. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo sunkún, ara sì tù mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé èmi nìkan ni ọmọ tó bínú sí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí Mọ́ọ̀mi fi lọ. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Ìwé yẹn ò jẹ́ kí èèyàn sùn. Suzanne Collins tó kọ ọ́ ti ń kọ eré tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọmọdé kí ìwé yìí tó jáde lọ́dún 2008, ó sì hàn. Orí 27 ló wà níbẹ̀, díẹ̀ ló parí síbi téèyàn ti lè gbé e sílẹ̀. Katniss fúnra rẹ̀ ló sì ń ròyìn. Kì í sọ pé “mo sá”, “mò ń sá” ló máa ń sọ, torí náà o ò lè fọkàn balẹ̀ pé ó kúkú yè é kó tó lè ròyìn. Gbogbo ìgbà tó bá gun igi ni ọwọ́ mi ń làágùn.

Télọ̀ ni mí, torí náà má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé Cinna, ẹni tó ń ṣe aṣọ fún Katniss ní olú ìlú, ni mo fẹ́ràn ṣìkejì. Iṣẹ́ èédú ni wọ́n ń ṣe lẹ́kùn Katniss, aṣọ awakùsà ni wọ́n sì sábà máa ń wọ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́jọ́ ìfihàn. Lọ́dún kan, ìhòòhò ni wọ́n mú wọn jáde, wọ́n kàn fi lúbúlúbú dúdú kùn wọ́n lára. Cinna dé, ó ro ohun tí èédú wà fún, ó sì rán iná. Aṣọ dúdú kan tó lẹ̀ mọ́ra, àti agbádá èjìká tó ń jó lálá lẹ́yìn wọn. Gbogbo ìlú gbàgbé àwọn yòókù.

Ṣùgbọ́n aṣọ tó gbẹ̀yìn ni mo padà lọ kà lẹ́ẹ̀mẹta. Katniss ti borí, inú sì ń bí àwọn aláṣẹ torí pé òun àti Peeta, ọmọkùnrin tí ẹkùn wọn fà kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, halẹ̀ níwájú gbogbo ayé pé àwọn méjèèjì yóò jẹ èso olóró kú. Wọ́n lè pa á. Cinna, tó ti ń rán iná fún un látẹ̀yìnwá, wá wọ aṣọ yẹ́lò kan fún un tó mọ lórúnkún, tó rọra ń tàn bí àbẹ́là. Bàtà pẹlẹbẹ. Ó fi páàdì díẹ̀ sí àyà. Katniss wo dígí, ó rí ọmọdébìnrin tí kò lè ju 14 lọ. Ṣé o rí iṣẹ́ ọwọ́? Aṣọ yẹn ń bá a bẹ̀bẹ̀: ọmọdé ni, ìfẹ́ ló kó sí i lórí, ẹ má pa á. Mo ti ń ránṣọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, mi ò rí ẹni tó kọ nípa aṣọ báyẹn rí, bí ohun tó lè gba ẹ̀mí là.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú ìwé náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an. Kò pọ̀, bí iyọ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ló ṣe mí báyìí. Ọmọṣẹ́ mi tó ti wo fíìmù rẹ̀ ní Gale, ọ̀rẹ́ tí Katniss máa ń bá ṣọdẹ, ló yẹ ẹ́. Bóyá ìwé tó kù ni yóò fi hàn, torí Gale ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú èyí tí mo kà. Peeta ló wà níbẹ̀, Peeta ọmọ oníbúrẹ́dì. Mo wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé búrẹ́dì ni “panem” ní èdè Látìnì, mo sì rẹ́rìn-ín sí ara mi nínú òru.

Ọmọ ọdún 11 ni Katniss lọ́jọ́ tí òjò ń pa á lẹ́yìn ilé Peeta, tó ń wá oúnjẹ nínú garawa ìdọ̀tí tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí búrẹ́dì méjì jóná, ìyá rẹ̀ nà án nítorí rẹ̀, ó sì ju méjèèjì sí i láìwojú rẹ̀. Katniss gbé e sábẹ́ aṣọ, ó gbóná mọ́ ọn láyà dé ilé, ó ha ibi tó jóná kúrò, wọ́n jẹ. Láti ọjọ́ náà, gbèsè ló kà á sí. Kò dúpẹ́ rí, kò sì gbàgbé rí. Nígbà tí wọ́n wà nínú ihò àpáta, tó ń fẹnu ko Peeta lẹ́nu kí Haymitch, ẹni tó ń tọ́ wọn sọ́nà láti ìta, lè fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ó ń ṣírò: ìfẹnukonu kan, ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ọmọkùnrin ń sọ aṣọ pupa tí Katniss wọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún márùn-ún àti orin tí Katniss kọ ní kíláàsì, ó ń sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ń ka owó.

Àbẹ̀ní, ṣé o rántí Bùọ̀dá Ẹ̀rọ? Ọdún méjì ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ mi ṣe tí wọn ò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí owó fọ́ọ̀mù WAEC rẹ ò pé, àwọn ni wọ́n fi èyí tó kù kún un. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí: owó fọ́ọ̀mù, bẹ́líìtì ẹ̀rọ, òróró ìgbà mẹ́rin. Nígbà tí mo gba owó aṣọ ìgbéyàwó ńlá kan, mo ka iye rẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú àpòòwé, mo fún wọn. Wọ́n yí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń wá orúkọ lára rẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ohun tí a ń ṣe látọjọ́ yìí nìyẹn?” Mo ní, “Ẹ ṣeun sà, mi ò kàn fẹ́ jẹ gbèsè ni.” Wọ́n kí mi pé ó dàárọ̀. Wọn ò wá mọ́. Nígbà tí o bi mí, mo ní iṣẹ́ ló gbé wọn lọ sí Ìlọrin.

Torí náà, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń gbé Katniss àti Peeta lọ sílé, tí ọmọkùnrin wá mọ̀ pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ eré, tó yí padà tó sì lọ, àpòòwé yẹn ni mo rí. Katniss ò mọ ohun tó wà lọ́kàn òun fúnra rẹ̀. Kò purọ́. Ebi ló ti kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò, kò sì tíì rí ẹni tó máa kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ṣì lè kọ́ ọ.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ lópin oṣù, Àbẹ̀ní. O máa ń sọ pé, “Ẹ má bínú, ó kéré,” bí ẹni tó ń dá owó àjọ tí kò pé. Mi ò kọ ọ̀rọ̀ rẹ sẹ́yìn ìwé kankan rí. Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. *Catching Fire* ni wọ́n ní ìkejì ń jẹ́, ọdún 2009 ló jáde. Òun ni kí o rà fún mi. Kí o sì pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí a sọ̀rọ̀ Rue, ọmọbìnrin kékeré tó bá Katniss ṣọ̀rẹ́ nínú igbó, nítorí mo ti gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn síbí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ò gbà á.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.