Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Ọmọ Ogun Lé Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ ti gba ipò, àwọn kan sì ti ń dúró de àṣẹ láti ẹnu yín. Àṣẹ kò nira láti pa. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ìmọ̀ràn tí ọ̀gá máa ń jókòó gba ọmọ abẹ́ rẹ̀ lójúkojú, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í rántí àfi nígbà tí ẹnì kan bá ti ṣẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ ìlànà tiwọn sílẹ̀ kedere, pín ìjókòó yìí sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí ó jẹ mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, èyí tí ó jẹ mọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àti èyí tí ó jẹ mọ́ ìdàgbàsókè ẹni náà lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀ṣẹ̀ kò ju apá kan lọ nínú oríṣi kìíní, nítorí pé ìṣẹ̀lẹ̀ lè jẹ́ iṣẹ́ rere tí ó yẹ kí a yìn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún ṣọ́jà pé ọ̀gá fẹ́ bá a jókòó sọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ á já. Ẹ̀bi ṣọ́jà kọ́. Ìlànà wọn ní kí ọ̀gá pe sájẹ́ǹtì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó ń retí, kí ẹni náà tó ráyè ṣì í ṣe.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí sílẹ̀, ẹ má kọ bí inú ṣe bí yín tó. “Ọ̀lẹ ni ọ́” kò ní àtúnṣe. “O pẹ́ dé páréèdì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí” ní àtúnṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọmọ ogun tuntun lè nílò kí ẹ sọ ohun tí yóò ṣe fún un gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ wá ojútùú. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ, bí ìbànújẹ́ tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí ẹni, ẹ fúnra yín mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà tàbí àlùfáà ibùdó.

Èyí tí ó wù mí jù nínú ìtàn ni ti Ọ̀gágun Fox Conner, ará Amẹ́ríkà, àti Dwight Eisenhower, ọ̀gá ológun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Panama, láti 1922 sí 1924. Eisenhower ṣì wà nínú ìbànújẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ó kú ní 1921. Conner yá a ní ìwé ìtàn ogun, ó ń bi í léèrè ìdí tí àwọn olórí ogun fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe àti ohun mìíràn tí wọn ì bá ti ṣe, ó sì ní kí ó máa kọ àṣẹ iṣẹ́ ibùdó lójoojúmọ́ bí ẹni tí ó wà lójú ogun. Ní 1926, Eisenhower ló gba ipò kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀gá ológun ní Fort Leavenworth. Ní 1944, òun ni olórí àgbà fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ kò rí i pé Conner kò dúró de àṣìṣe?

Ní ti ìwé kíkọ, fọ́ọ̀mù DA 4856 tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń kọ irú ìjókòó yìí sílẹ̀ ní ààyè fún ohun tí ọmọ abẹ́ yóò ṣe, ààyè fún ohun tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò ṣe, àti ààyè ìkẹyìn kan tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà, nítorí ìgbà tí ẹ bá padà wá wo bí àdéhùn ṣe rí ni a ń kọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ mọ irú ọ̀gá tí ẹnì kan jẹ́, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá ṣèlérí láti bá a wá ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lọ béèrè. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá pé tí iṣẹ́ sì dí yín lọ́wọ́, ẹ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ dá ọjọ́ mìíràn lójú ẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì.