O bi mí pé kí ló dé

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ẹ mì? Òjò ò jẹ́ ká gbádùn ní Òṣogbo níbí o, láti Ọlá-Ìyá dé Òkè-Fìà lánàá, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ló fi ṣòkòtò mi wọlé.

O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tó jẹ́ ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, àti rìsáàṣì ni mò ń lé kiri, nígbà tí iṣẹ́ abẹ wà tó lówó lórí. Ọmọ kan ni o, mi ò sọ fún ẹ rí. Nígbà housejob, ọdún tí dọ́kítà tuntun fi ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, níbì kan tí mi ò ní dárúkọ, ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ dé lóru, ara ọmọ gbóná bí iná, àmọ́ ọwọ́ àtẹsẹ̀ ẹ̀ tutù nini, mo tẹ èékánná ẹ̀, ó funfun, kò tètè pọ́n padà. Mo sáré wá iṣan, mo fa dírípù sí i, mo tún ń fọwọ́ fún ọ̀rá dírípù náà kómi ẹ̀ lè yára wọlé, ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, ó sì ń dùn mọ́ mi pé mò ń ṣe nǹkan. Kílẹ̀ tó mọ́ ọmọ ti lọ. Ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní ẹ ṣé dọ́kítà, ẹ gbìyànjú. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni ò jẹ́ n sùn.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan kí n tó ka FEAST, ìwádìí kan tó jáde ní 2011, wọ́n ṣe é lórí ọmọ 3,141 ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà, irú ọmọ tí mo tọ́jú lóru yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn tí wọ́n sáré rọ omi sí lára, ó lé ní 10 nínú 100 tó kú láàárín wákàtí 48, àwọn tí wọn ò sáré rọ ọ́ fún, 7 àti díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. (Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ò sí nínú ẹ̀ o, ìyẹn nílò omi, má ṣì mí gbọ́.) Mi ò lè sọ pé dírípù mi ló pa ọmọ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ kan ṣoṣo, ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kójú tó là sí i.

Nǹkan tó tún wú mi lórí ni bí àwọn tó ṣe ìwádìí yẹn ṣe gbàṣẹ kí wọ́n tó fi ọmọ sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn òbí míì, ìwé wá tẹ̀lé e nígbà tó yá, àbí ta ló fẹ́ jókòó máa ka fọ́ọ̀mù nígbà tọ́mọ ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ?

Bàbá mi ṣá ní àwọn ò rán mi ní yunifásítì kí n wá máa ka òǹkà.

Tó o bá ń bọ̀ ní Disẹ́ḿbà, jọ̀ọ́ bá mi ra èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá ọmọdé láti fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tó kéré jù, ti àgbàlagbà là ń wé fún wọn báyìí, ńṣe ló ń yọ̀ bọ́. Màá fún ẹ lówó ẹ, mi ò ní jẹ ẹ́ bíi tìgbà hósítẹ́ẹ̀lì.

Wọ́n ti ń pè mí ní wọ́ọ̀dù, jẹ́ n máa lọ.